Ẹnjiníà Tó Ń Dán Àlọ Nìkan Wò

Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ ọkùnrin kan. Ọ̀kan wà láàárín ìlú, lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìlú. Èkejì wà ní abúlé kan lórí òkè. Ọ̀nà ọ̀dà tó ti fọ́ ló so ìlú àti abúlé pọ̀, odò kan sì dá ọ̀nà náà sí méjì. Ọkọ̀ á rìn ín ní nǹkan bí wákàtí kan.

Ẹnjiníà ni ọkùnrin yìí. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe alábòsí. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹ fi èyí sọ́kàn bí mo ti ń sọ̀rọ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn burúkú ni, ìtàn náà ì bá rọrùn, kò sì ní kan èmi àti ẹ̀yin.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé ìpè ẹni tó ń rìnrìn àjò kò já lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀ pé fóònù tó wà nínú ọkọ̀ kì í wà lọ́wọ́ òpó kan ṣoṣo. Bí ọkọ̀ ti ń lọ, agbára òpó ẹ̀yìn á máa dín kù, ti iwájú á máa pọ̀ sí i. Fóònù á máa gbọ́ méjèèjì, á sì máa jẹ́ kí òpó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ̀. Tó bá yá, òpó ẹ̀yìn á yẹ ìwé tí wọ́n kọ nọ́ńbà àwọn aládùúgbò rẹ̀ sí wò, á ké sí òpó iwájú, á bi í pé ẹnì kan ń bọ̀, ṣé àyè wà. Bí òpó iwájú bá ti ní àyè wà, á di fóònù náà mú, ti ẹ̀yìn á sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò ní mọ̀ pé òun ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà òpó iwájú kò bá sí nínú ìwé náà, tàbí tí òpó iwájú bá ní àyè kò sí, fóònù á bọ́ sílẹ̀ láàárín ọwọ́ méjì. Ẹni tó ni ín á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, lóṣooṣù, ẹnjiníà yìí àti awakọ̀ rẹ̀ á gbé ọkọ̀ iléeṣẹ́ jáde. Wọ́n á gbé kọ̀ǹpútà kan àti fóònù méjì dání. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìpè kan níwájú ọ́fíìsì wọn ní ìlú, wọ́n á sì máa lọ. Tí wọ́n bá dé orí afárá odò náà, ẹnjiníà á rí i lójú kọ̀ǹpútà pé fóònù ti kúrò lọ́wọ́ òpó ìlú bọ́ sí ọwọ́ òpó abúlé, ìpè kò sì já. Á kọ ọ́ sínú ìwé pé kò já. Ní abúlé, á yẹ ẹsẹ̀ òpó wò, á yẹ ẹ̀rọ amúnáwá wò. Oòrùn á ti ń wọ̀ nígbà náà. Á pa kọ̀ǹpútà dé, á pa fóònù méjèèjì. Awakọ̀ á ra iṣu sísun lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á jẹ ẹ́, ẹnjiníà á sì sùn títí wọ ìlú.

Bí àwọn tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ti ń ṣe é nìyẹn. Kódà, nínú ìwé tí wọ́n fi ń dán ọ̀nà wò, ibì kan wà tí wọ́n kọ "Ibi tí a ti gbéra" sí. Wọn kò fi àyè sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Wọ́n ti tẹ "ìlú" mọ́ ọn láti ilé ìtẹ̀wé.

Ní abúlé yẹn, agbẹ̀bí kan wà ní ilé ìgbẹ̀bí. Obìnrin tó ti dàgbà ni, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí dókítà níbẹ̀. Bí ìbímọ bá ti kọjá agbára rẹ̀, á gbé aláboyún sínú ọkọ̀, ó di ilé ìwòsàn ìlú. Ilé ìwòsàn náà fún un ní ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń dè mọ́ apá àti ikùn aláboyún. Ẹ̀rọ yìí ń ka ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ìyá àti bí ọkàn ọmọ ti ń lù, ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí dókítà nípasẹ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì bí ọkọ̀ ti ń sáré. Dókítà á máa wò ó níbi tó jókòó sí, á sì máa bá agbẹ̀bí sọ̀rọ̀ létí. Abẹ́rẹ́ kan wà nínú àpò agbẹ̀bí tí kò gbọ́dọ̀ fún ẹnikẹ́ni àfi bí dókítà bá sọ iye tí yóò fún un. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè pa ìyá. Bí ó bá kéré jù, kò ní ṣe nǹkan kan.

Nínú ẹ̀rùn tó kọjá, agbẹ̀bí ń gbé aláboyún kan tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sí ìlú. Bí wọ́n ti gun orí afárá, ohùn dókítà já. Ẹ̀rọ náà ń wá ọ̀nà láti padà wọlé, ó ń wá, kò tètè rí i. Gìrì mú aláboyún náà. Agbẹ̀bí di abẹ́rẹ́ mú lọ́wọ́, kò mọ iye tí yóò fún un. Nígbà tí ohùn dókítà fi máa padà, wọ́n ti wọ ìlú.

Ìyá yè é. Ọmọ kò yè é.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, obìnrin mìíràn wà ní abúlé náà tó lóyún ìbejì. Adépéjù ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára òun náà. Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù, bí kò bá tilẹ̀ yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibùsùn kò sí ní ilé ìwòsàn fún ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Wọ́n ní kí agbẹ̀bí máa ṣọ́ ọ, kí ó gbé e wá bí ó bá ti rí àmì. Agbẹ̀bí ro ọ̀rọ̀ afárá yẹn. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú, ó ní òun fẹ́ rí ẹnjiníà.

Ẹnjiníà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó fún un ní àga. Nígbà tó gbọ́ pé ìpè ń já lórí afárá, ó dìde, ó gbé fáìlì kan wá, ó sì tẹ́ ìwé mọ́kàndínlógún sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ó ní, "Màmá, ẹ wò ó fúnra yín. Oṣù mọ́kàndínlógún. Kò já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Agbẹ̀bí kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò bá a jà. Ẹnjiníà rọra ní bóyá fóònù màmá ló ti gbó.

Agbẹ̀bí ní, "Fóònù yìí kò tíì pé ọdún kan. Èmi ni mo gbó."

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. Agbẹ̀bí wá bi í pé níbo ni wọ́n ti máa ń gbéra. Ó ní níwájú ọ́fíìsì yìí ni. Agbẹ̀bí tún bi í pé tí wọ́n bá ń padà bọ̀ ńkọ́.

Awakọ̀, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń nu bàtà rẹ̀, ló dáhùn. Ó ní, "Ìyá, tí a bá ń padà, ọ̀gá á ti sùn. Ìhanrun rẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kì í já lọ́nà yẹn."

Agbẹ̀bí kò rẹ́rìn-ín. Ó kó ìwé mọ́kàndínlógún náà jọ, ó tò wọ́n dáadáa, ó sì tì wọ́n padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni wọ́n.

Ó ní, "Ẹnjiníà, n kò rí obìnrin tó ń rọbí ní ìlú tó ń sá bọ̀ ní abúlé wá bímọ. Àwa là ń sá bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ọ̀nà tí ẹ dán wò yìí, kò sẹ́ni tó ń kú sí i. Èyí tí à ń kú sí, ẹ ò dán an wò rí."

Ẹ̀yin náà mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti máa ń rí lára ẹni tó gbàgbọ́ pé òun ń ṣe dáadáa. Inú bí i. Ó ní òpó kan náà ni, odò kan náà ni, afárá kan náà ni. Bí kò bá já ní àlọ, kò sí ìdí tí yóò fi já ní àbọ̀. Ó ní òun yóò wò ó nígbà tí òun bá tún ń dán ọ̀nà wò lóṣù tó ń bọ̀. Agbẹ̀bí ní ikùn Adépéjù kò lè ka kàlẹ́ńdà. Ó dìde, ó kí wọn, ó sì lọ.

Lẹ́yìn tó lọ tán, ẹnjiníà jókòó ti fáìlì rẹ̀. Ó fẹ́ gbé e padà sórí pẹpẹ, ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e. Ó mọ̀ pé òun kò lè búra nípa àbọ̀. Ó lọ bá olórí iléeṣẹ́ pé kí ó yọ̀ǹda ọkọ̀ fún òun lọ́jọ́ kejì. Olórí ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ọkọ̀ ń jáde fún iṣẹ́ yẹn, ti oṣù yìí sì ti lọ, ìwé rẹ̀ sì pé.

Ní ọjọ́ Sátidé tó yẹ kí ó fi sinmi, ẹnjiníà gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ́ èjìká, ó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ sí abúlé. Ó fi ọ̀kadà náà sílẹ̀ níbẹ̀, ó wọ ọkọ̀ èrò tó ń bọ̀ ní ìlú, ó jókòó sáàárín àwọn tó ń kó ilá àti ata lọ tà. Ó pe awakọ̀ rẹ̀ lórí fóònù, ó ní kí ó ṣáà máa sọ̀rọ̀, ohunkóhun tó bá wù ú. Awakọ̀ kò nílò kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn àna rẹ̀ kan tó wá kí wọn fún ọjọ́ méjì tó sì lo oṣù mẹ́ta. Ó ti dé ibi tí àna náà ti ń bèèrè bóyá wọn ò lè gbé bẹ́ẹ̀dì sí ojú fèrèsé, nígbà tí táyà ọkọ̀ gun orí afárá.

Ohùn rẹ̀ já lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ẹnjiníà ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ rìn padà kọjá afárá títí tí fóònù fi padà sọ́wọ́ òpó abúlé. Ó tún pe awakọ̀, ó tún rìn bọ̀. Ó já. Ó yí padà láti ìhà ìlú, ó rìn lọ sí ìhà abúlé. Kò já. Ó tún rìn bọ̀. Ó já. Ó ṣe é nígbà márùn-ún. Àwọn obìnrin tó ń fọṣọ lódò dá iṣẹ́ dúró láti wò ó. Ọ̀kan nínú wọn bi í pé ṣé orí afárá ló sọ ọpọlọ rẹ̀ nù sí ni, kí àwọn bá a wá a.

Ó gba ọ̀nà abúlé padà. Ó ṣí àpótí irin tó wà lẹ́sẹ̀ òpó, ó so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ọn, ó wá ìwé aládùúgbò òpó náà jáde. Orúkọ òpó ìlú wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó wà níwájú orúkọ náà kì í ṣe ti òpó tó wà ní ìlú lónìí. Nọ́ńbà òpó àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n wó lulẹ̀ ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn nígbà tí wọ́n ń tún gbọ̀ngàn ìlú kọ́. Nígbà tí wọ́n gbé òpó tuntun dúró, wọ́n kọ nọ́ńbà òpó abúlé sínú ìwé tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó gun òkè lọ kọ nọ́ńbà tuntun sínú ìwé òpó abúlé. Kí ni wọn ì bá lọ ṣe níbẹ̀? Ní ọ́fíìsì wọn ní ìlú, gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́.

Fún ọdún mẹ́fà, òpó abúlé ti ń pe ẹni tí kò sí mọ́. Ó ń bèèrè bóyá àyè wà, kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn. Ó ń di fóònù àwọn ènìyàn rẹ̀ mú títí tí agbára rẹ̀ fi ń tán, ó sì ń sọ wọ́n nù sórí omi.

Ẹnjiníà jókòó sórí òkúta kan lẹ́bàá òpó náà. Ó ka ìwé tó ti fọwọ́ sí lórí ìka rẹ̀ títí ìka fi tán.

Ó lè yí nọ́ńbà náà padà fúnra rẹ̀, ó sì yí i padà lójú ẹsẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sórí afárá, ó rìn bọ̀ láti ìhà abúlé. Ìpè kọjá. Ó tún rìn ín. Ìpè kọjá. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ará ìlú dé láti ibi iṣẹ́ tí gbogbo wọn gbé fóònù, ó tún rìn ín lẹ́ẹ̀kẹta, ìpè sì já. Lọ́tẹ̀ yìí, òpó abúlé pe nọ́ńbà tó tọ́, òpó ìlú sì gbọ́. Òpó ìlú ló dáhùn pé àyè kò sí.

Ó mọ àtúnṣe rẹ̀. Wọ́n lè dá àyè díẹ̀ sí lórí òpó ìlú, kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìpè má ṣe gbà á, kí ó wà fún kìkì àwọn tó ń ti òpó mìíràn bọ̀ láàárín ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èyí kọjá agbára rẹ̀. Olórí iléeṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Ní ọjọ́ Ajé, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Olórí náà kì í ṣe ìkà. Ó tẹ́tí gbọ́ ọ tán, ó wá ṣàlàyé pé òpó ìlú kún, pé àwọn ará ìlú ti ń fi ẹjọ́ sùn pé íńtánẹ́ẹ̀tì ń falẹ̀, pé bí wọ́n bá tún dá àyè sí fún àwọn ará ọ̀nà oko, ìpè ẹlòmíràn ní ìlú kò ní wọlé nígbà tó bá kọ́kọ́ pè é, ariwo yóò sì sọ. Ó ní àwọn ará ìlú pọ̀ ju àwọn ará abúlé lọ. Ó ní gbogbo wọn kúkú ń dúró lórí ìlà kan náà: ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò wọlé.

Ẹnjiníà ní, "Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìpè jókòó sílé rẹ̀. Bí kò bá wọlé, á tún un tẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ ti fi ibi tó wà sílẹ̀, kò sì lè padà síbẹ̀. Bí a bá tò wọ́n sórí ìlà kan náà, a kò ṣe dọ́gba-n-dọ́gba, ọ̀gá. Ìlà náà nìkan ló tọ́."

Olórí fi ìka gbá orí tábìlì. Ó ní, "Mọ́kàndínlógún lo ti fọwọ́ sí pé kò já. Ṣé o fẹ́ lọ sọ fún àwọn tó wà lókè wa pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀?"

"Kì í ṣe irọ́. Ìdajì òtítọ́ ni. Mo fẹ́ kọ ìdajì kejì sí i."

"Bí àwọn ará ìlú bá bínú, ta ni yóò dá wọn lóhùn?"

"Kí wọ́n wá bá mi."

Ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kó tó wá: ohun tó rí lórí afárá, ọdún mẹ́fà, ìwé mọ́kàndínlógún, àti orúkọ ara rẹ̀ nísàlẹ̀. Olórí kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi í bóyá ó mọ̀ pé ìwé yìí lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun mọ̀. Ó ní aláboyún kan wà lórí òkè tí ó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì fún láti bímọ, òun kò sì ní kúrò ní ọ́fíìsì yẹn títí olórí yóò fi fọwọ́ sí i tàbí tí yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò fọwọ́ sí i. Olórí fa bírò yọ, ó sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n dá àyè náà sí.

Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Adépéjù gidigidi, ojú rẹ̀ sì ń ṣú. Ìrọ̀lẹ́ ni, ní wákàtí tí òpó ìlú máa ń kún jù. Agbẹ̀bí de ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá àti níkùn, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n sì bọ́ sọ́nà. Dókítà wà létí agbẹ̀bí láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé. Ó ń bi í léèrè, agbẹ̀bí ń dáhùn. Adépéjù dì í ní ọwọ́ mú, ó ń bi í bóyá àwọn ọmọ náà ṣì ń yí. Agbẹ̀bí ní wọ́n ń yí, wọ́n ń jà sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ jáde.

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò, ìfúnpá Adépéjù ròkè lójijì. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le. Agbẹ̀bí fa abẹ́rẹ́ yọ, ó sì gbé ojú sókè. Ó rí afárá níwájú. Ó rántí ọmọ tó kú.

Dókítà ní, "Mo rí i. Ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ náà báyìí. Ìwọ̀n tí ẹ máa fà…"

Ọkọ̀ gun orí afárá. Ọwọ́ òpó abúlé ni gbólóhùn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ òpó ìlú ló parí sí.

"…kò gbọ́dọ̀ ju ìlà kẹrin lọ. Ẹ rọra tì í. Mo wà pẹ̀lú yín."

Agbẹ̀bí fún un lábẹ́rẹ́ kí ọkọ̀ tó kúrò lórí afárá. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, yàrá iṣẹ́ abẹ ti wà ní ṣíṣí sílẹ̀ dè wọ́n. Wọ́n bí obìnrin kan, wọ́n bí ọkùnrin kan, ìyá wọn sì yè.

Ẹnjiníà wá kí wọn ní ọjọ́ kejì. Ó bi agbẹ̀bí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti rí lórí afárá. Agbẹ̀bí rò ó títí. Ó ní kí wọ́n má bínú, òun kò rántí ìgbà tí ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ọ̀gá wa, ìdí tí mo fi ń sọ èyí fún yín, tí n kò sì sọ ọ́ níwájú àwọn olùkọ́ yòókù, ni pé mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ ti tọ́jú ilé-ẹ̀kọ́ yìí dáadáa. Ẹ sọ níbi ìpàdé pé òfin tí ẹ ṣe lórí àwọn ọmọ tó ń ti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn wá kò ni ẹnikẹ́ni lára. Ẹ ní ọmọ tó bá dé láìmú ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ àtijọ́ dání, kí ó wà ní kíláàsì àwọn ọmọ kékeré títí ìwé rẹ̀ yóò fi dé. Ẹ ní láti ìgbà tí ẹ ti wà níbí, gbogbo ọmọ wa tó kúrò lọ sí ibòmíràn ni ibẹ̀ gbà láìsí wàhálà. Òótọ́ ni. Àlọ ni ẹ sọ yẹn. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ń kọ ìwé fún wọn.

Àwọn ọmọ mẹ́rin tó ti abà wá ńkọ́? Atẹ́gùn wó ilé-ẹ̀kọ́ wọn nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Ìwé wọn bá a lọ. Ọ̀gá wọn ti lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Lẹ́ẹ̀mẹta ni a ti kọ lẹ́tà sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, a sì ń retí èsì láti ibi tí kò sí mọ́. Kíláàsì karùn-ún ni wọ́n wà kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Ní báyìí, wọ́n jókòó láàárín àwọn tó ń kọ́ a, b, d, orúnkún wọn ga ju tábìlì lọ. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin, ṣe ìṣirò ìpín fún mi lórí erùpẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, irú èyí tí àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún wa ṣì ń bá fà á. Ó yára fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́ nígbà tó rí i pé ẹnì kan ń bọ̀. Láàárín òun àti ẹ̀kọ́ tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwa la jẹ́ kí ó já.

Ẹ ní kíláàsì karùn-ún ti kún. Mo mọ̀. Èmi ni mo ń kọ́ wọn. Àga mẹ́rin yóò wọ ibẹ̀ bí a bá gbé tábìlì mi jáde, n kò sì nílò láti jókòó kí n tó lè kọ́ ọmọ.

N kò ní kí ẹ yí òfin yín padà lónìí. Ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín fún. Ojoojúmọ́ ni ẹ ń wo ẹnu ọ̀nà wa láti inú ọ́fíìsì yín, bí àwọn ọmọ ti ń jáde. Ẹ wá wò ó lẹ́ẹ̀kan láti ìta. Ẹ bá mi lọ sí abà àwọn ọmọ náà, kí a bá wọn rìn bọ̀, kí a kọjá lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì karùn-ún pẹ̀lú wọn láì wọ ibẹ̀, kí a dé ibi tí a ní kí wọ́n jókòó sí. Bí ẹ bá rìn ín tán tí ẹ ṣì ní kò ni ẹnikẹ́ni lára, n kò ní sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́ fún yín. N ó kọ ọ́ sí àwọn tó wà lókè wa, n ó sì fi orúkọ mi sí i.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ni wọ́n máa ń kúrò nílé. N ó ti dúró dè yín níbẹ̀ lọ́la.